Mario inú Game Boy Color (Super Mario Bros. Deluxe): sikirínì yìí kéré, ẹ wá gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Lágere:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin tèmi. Àbúrò mi tó wà ní OAU ra Game Boy Color tòkunbọ̀ kan, ẹ̀rọ géèmù kékeré tá a ń fọwọ́ mú gbá, kásẹ́ẹ̀tì Super Mario Bros. Deluxe ló bá nínú ẹ̀, ó wá gbé e sọ́dọ̀ mi torí ìdánwò ti dé. Mario tá a gbá nígbà tá a wà lọ́mọdé náà ni o, èyí tó jáde ní 1985, tá a máa ń ki kásẹ́ẹ̀tì yẹ́lò bọ ẹnu ẹ̀rọ tá a so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n tún un ṣe ní 1999 kó lè wọ inú Game Boy Color. Orin ẹ̀ ò yí padà, ibi tí olú wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà, ibi tí ìjàpá ti ń yọ náà ló ṣì ti ń yọ, inú mi dùn gan-an nígbà tí mo tàn án. Ṣùgbọ́n kò lọ lọ́wọ́ mi bó ṣe máa ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo ti máa fò tán kí n tó rí i pé kòtò ló wà níwájú, tí mo bá dé 4-4, ìyẹn sítéèjì kẹrin nínú World 4, ojú ọ̀nà kan náà ló máa ń yí mi po títí tí àkókò á fi tán, tí mo bá sì pa á kí n tún tàn án lọ́jọ́ kejì, gbogbo ibi tí mo bá a dé ti pòórá. Àbúrò mi tún ní Mario míì wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn tí wọ́n fi pamọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbá a parí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Ẹ̀gbọ́n Mayfair:
Àbúrò, sikirínì ni, ọwọ́ ẹ kọ́. Jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ torí tó o bá ti mọ bó ṣe jẹ́, ìdajì wàhálà náà ti tán. Lórí tẹlifíṣọ̀n, àwòrán Mario fẹ̀ tó pixel 256 (pixel ni àwọn tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán), tá a bá fi bíríkì inú géèmù náà wọ̀n ọ́n, bíríkì 16 ló lè tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kó o rí gbogbo wọn pa pọ̀. Sikirínì Game Boy Color jẹ́ 160 ní ìbú, 144 ní òró. Bíríkì 10 nìyẹn láti apá òsì dé apá ọ̀tún, 9 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọn ò sì sọ Mario di kékeré kó lè bá a mu o, bó ṣe tóbi lórí tẹlifíṣọ̀n náà ló ṣe tóbi níbí, àyíká ẹ̀ ni wọ́n gé kúrò. Torí náà ìjàpá tó o ti máa rí lọ́ọ̀ọ́kán lórí tẹlifíṣọ̀n, níbí, ìgbà tó bá fẹ́ẹ̀ kọlù ẹ́ lo máa tó rí i.

Ohun tó o máa ṣe rèé. Wọ́n fi nǹkan kan sí Deluxe tí kò sí nínú tàtijọ́, tó o bá dúró jẹ́ẹ́ tó o tẹ ọfà ìsàlẹ̀ tàbí tòkè, àwòrán náà máa lọ sísàlẹ̀ tàbí sókè kó o lè wo ohun tó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbá géèmù yìí láìmọ̀ ọ́n rárá. Kó o tó já bọ́ látorí ibi tó ga, dúró, wo ìsàlẹ̀ ná. Kó o tó fi orí kan bíríkì tó wà lókè, wòkè ná.

Èkejì, má di bọ́tìnnì B mú ní gbogbo ìgbà. Orí tẹlifíṣọ̀n la ti kọ́ àṣà yẹn, eré sísá látìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí pé ojú ń rí iwájú. Níbí, ibi tó o bá ti mọ̀ dáadáa nìkan ni kó o ti sáré, ibi tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, rìn. Àfi 2-3 àti 7-3, àwọn afárá tí ẹja ti ń fò sókè látìsàlẹ̀ yẹn, ìyẹn ò gba ìdúró rárá, tó o bá dúró pé o fẹ́ wo ẹja, òmíràn á ti bá ẹ látẹ̀yìn, sáré kọjá ni.

Ọmọ Òṣómàáló:
Iléṣà ni mo wà, mo kí gbogbo yín o. Ẹ̀gbọ́n ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Kí n fi kún un, ẹni tó jókòó sórí ìkùukùu tó ń ju ẹlẹ́gùn-ún sílẹ̀ yẹn, Lakitu, ní 4-1, 6-1 àti 8-2, òun ni sikirínì kékeré yìí mú kó burú jù. Ó lè wà lókè níbi tó ò ti ní rí i, àwọn ẹlẹ́gùn-ún ẹ̀ nìkan ni wàá kàn máa rí tí wọ́n ń já bọ́. Tó o bá ti rí ẹlẹ́gùn-ún àkọ́kọ́, mọ̀ pé ó ti dé, má sì dúró lójú kan. Tó bá ti rẹlẹ̀ díẹ̀ tí bíríkì kan sì wà nítòsí tó o lè gùn, gun bíríkì yẹn kó o fò lé e lórí, ara á tù ẹ́ díẹ̀ kó tó padà wá.

Ọ̀rọ̀ 4-4 wàyí. Kò sí ohun tó ń ṣe géèmù ẹ. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn látìgbà 1985, 4-4, 7-4 àti 8-4 ni ilé ọba tó ní ọ̀nà àrúmọ́jẹ nínú. Ní 4-4 àti 7-4, ọ̀nà òkè wà, ti ìsàlẹ̀ wà, tó o bá gba èyí tí kì í ṣe òun, géèmù á dá ẹ padà síbi tó o ti kọjá láìsọ nǹkan kan fún ẹ. Ohun tó ń jẹ́ kó sú èèyàn ni pé tí wọ́n bá ti dá a padà, ó máa ń yí gbogbo ọ̀nà tó gbà padà lẹ́ẹ̀kan náà, kò wá ní mọ èyí tó tọ̀nà tẹ́lẹ̀ nínú wọn. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Mú bébà àti bírò. Ibi àkọ́kọ́ tí ọ̀nà ti pín, kọ "òkè" tàbí "ìsàlẹ̀" síbẹ̀, èkejì bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹta bẹ́ẹ̀. Tó bá dá ẹ padà, ẹyọ kan péré ni kó o yí, fi àwọn tó kù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Kò ní pẹ́ tó o fi máa já a, tó o bá sì ti já a lẹ́ẹ̀kan, bébà yẹn á máa ṣiṣẹ́ títí ayé torí wọn kì í yí ọ̀nà náà padà.

8-4 lágbára ju ìyẹn lọ torí páìpù ni wọ́n lò níbẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ irọ́ nínú wọn á gbé ẹ padà sẹ́yìn. Páìpù gidi kan wà tó ga sókè tí ẹsẹ̀ ò lè kàn, bíríkì kan tó fara pamọ́ ni wàá kọ́kọ́ fi orí kàn kó yọ síta kó o tó lè gun ún débẹ̀, fò káàkiri ìsàlẹ̀ páìpù náà wàá rí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni wàá wọnú omi, tó o bá ti bá ara ẹ nínú omi, yọ̀, ọ̀nà gidi lo wà. Tó o bá jáde níbẹ̀, ìjàpá tó ń ju òòlù máa pàdé ẹ kó o tó dé ọ̀dọ̀ Bowser, ọ̀gá àwọn ọ̀tá.

Ará Modákẹ́kẹ́:
Kí ló dé tẹ́ ẹ ń dá ara yín lágara, ẹ jẹ́ kó gba ojú ọ̀nà àbùjá. Ní 1-2, gun orí òrùlé, kọjá ibi tí páìpù àbájáde wà, wàá bá páìpù mẹ́ta, ìkan ń lọ sí World 2, ìkan 3, ìkan 4. Wọ 4. Ní 4-2, bíríkì kan wà tí àjàrà máa yọ nínú ẹ̀, gùn ún, àwọn páìpù tó ń lọ sí 6, 7 àti 8 lo máa bá lókè. Bó o ṣe bọ́ nínú 4-4 àti 7-4 nìyẹn.

Tíṣà Ìlódè:
Ará Modákẹ́kẹ́, òótọ́ lẹ sọ, gbogbo ọ̀nà yẹn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti gbàgbé pé ó béèrè Mario kejì. Pọ́ìǹtì ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Tí pọ́ìǹtì èèyàn bá pé 100,000 nínú Original 1985, ìyẹn Mario àkọ́kọ́ tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, You vs. Boo á ṣí, ìyẹn eré ìje pẹ̀lú iwin. Tó bá wá pé 300,000, Super Mario Bros. For Super Players á ṣí, òun ni Mario tí àbúrò yín ń sọ. Géèmù kejì tí wọ́n ṣe ní Japan ní 1986 ni, wọn ò mú un lọ sí Amẹ́ríkà nígbà yẹn torí ó le jù, 1993 ni wọ́n tó rí i níbẹ̀ nínú Super Mario All-Stars tí wọ́n sọ orúkọ ẹ̀ ní The Lost Levels. Ẹni tó bá gba ọ̀nà àbùjá láti World 1 bọ́ sí 4, láti 4 bọ́ sí 8, ó ti fo gbogbo pọ́ìǹtì tó wà láàárín, ibo ló ti fẹ́ rí 300,000?

Torí náà àbúrò mi, gbogbo ẹ̀ ni kó o gbá, látorí 1-1, gbogbo 32 pátá. Bí pọ́ìǹtì ṣe ń pọ̀ rèé. Òpó àsíá ìparí, bó o bá ṣe dì í mú lókè tó ni wọ́n ṣe máa fún ẹ tó, ti òkè pátápátá jẹ́ 5,000. Àkókò tó bá ṣẹ́kù nígbà tó o parí, ìkọ̀ọ̀kan ẹ̀ jẹ́ 50, ẹni tó bá ní 200 lọ́wọ́ ti gba 10,000 nìyẹn. Kọ́ìnì 200, olú 1,000. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èèpo ìjàpá, tó o bá ta á nípàá tó ń yí lọ tó ń gbá àwọn ọ̀tá lulẹ̀ níwájú ẹ, ti àkọ́kọ́ kéré, àwọn tó tẹ̀ lé e á máa ga sí i, ó máa ń dé 8,000 kó tó di láìfù. Máa sá tẹ̀ lé èèpo yẹn o, tó bá ti kọjá sikirínì, ó ti lọ, sikirínì kékeré sì nìyí.

Tó o bá fẹ́ láìfù, 3-1, níparí, ibi àtẹ̀gùn, ìjàpá méjì ló ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Jẹ́ kí ẹnì kejì kù sórí àtẹ̀gùn, tẹ̀ ẹ́, kó o wá máa fò lé èèpo ẹ̀ bó ṣe ń fara gbá àtẹ̀gùn tó ń padà wá, láìfù á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Ọmọ Lágere:
Ẹ ṣeun ẹ ṣeun, Ọlọ́run á máa fún yín ní ọgbọ́n kún ọgbọ́n. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, tí èèyàn bá ṣí ti Super Players yẹn, ṣé ó yàtọ̀ gan-an ni?

Tíṣà Ìlódè:
Ó yàtọ̀ o. Olú olóró wà níbẹ̀, tó o bá jẹ ẹ́ á ṣe ẹ́ ní jàǹbá bí ọ̀tá ṣe ń ṣe, wo àwọ̀ olú kó o tó sáré sí i. Ọ̀nà àbùjá tó ń dá èèyàn padà sẹ́yìn náà wà, o rò pé ò ń lọ síwájú, World 1 ni wọ́n gbé ẹ padà sí láti World 3. Ṣùgbọ́n World 1 sí 8 nìkan ló wà nínú Deluxe, World 9 àti àwọn A dé D tó wà nínú ti Japan ò sí níbẹ̀, má wulẹ̀ wá a kiri.

Alátùn-únṣe Sábó:
Mo ti ń dúró kí ẹnì kan dáhùn ọ̀rọ̀ ibi tó ń pòórá yẹn. Bátìrì ni. Inú kásẹ́ẹ̀tì Deluxe ni bátìrì pẹlẹbẹ kan wà, irú ti aago ọwọ́, òun ló ń di ibi tó o dé mú nígbà tí ẹ̀rọ bá wà ní pípa. Kásẹ́ẹ̀tì tó jáde ní 1999 ti lé ní ọdún 25, bátìrì inú ẹ̀ ti kú, kò sí àdììtú kankan níbẹ̀. Bátìrì onífíńgà méjì tó ò ń kì sẹ́yìn Game Boy yẹn ò kàn án, o lè pààrọ̀ ìyẹn lójoojúmọ́, ibi tó o dé á ṣì máa pòórá.

Má fúnra ẹ tú u tó ò bá tíì jó irin rí. Wọ́n jó bátìrì yẹn mọ́ pákó inú ẹ̀ ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn tì bọ̀. Gbé e lọ bá ẹni tó mọ iṣẹ́ sódà, àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Lágere tàbí Sábó níbí máa ṣe é. Sọ fún un kó ka nọ́ńbà tó wà lára ti àtijọ́, irú ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ rà, èyí tó ti ní ahọ́n irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ni kẹ́ ẹ wá, torí kò dáa kí wọ́n fi iná sódà kan bátìrì fúnra ẹ̀ tààrà, ó lè bú. Tẹ́ ẹ bá ti yọ ti àtijọ́, ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà á parẹ́, ṣùgbọ́n tìẹ ti ń parẹ́ tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tó o pàdánù.

Kó o tó náwó sí i ṣá, wò ó bóyá ojúlówó ni, ayédèrú pọ̀ nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀, àwọn kan nínú wọn ò sì ní bátìrì rárá. Ojúlówó Deluxe, ike ẹ̀ mọ́lẹ̀ gaara, èèyàn ń rí pákó inú ẹ̀ láti ìta. Ìdè tó dè é lẹ́yìn, orí ẹ̀ kì í ṣe ti sukurudírafà lásán. Gbé ìwé iwájú ẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ kó o dagun díẹ̀, wàá rí nọ́ńbà kékeré tí wọ́n tẹ̀ wọ inú ìwé náà, kò ní àwọ̀, ó kàn wọlé sínú ni. Tó ò bá rí ìkankan nínú gbogbo èyí, dá owó dúró.

Ohun kan tí mo bẹ gbogbo yín fún, ẹ yéé fẹnu fẹ́ kásẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wa ló máa ń fẹ́ ẹ nígbà náà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n omi ẹnu ló ń bá atẹ́gùn yẹn jáde, òun ló ń mú kí irin ẹnu ẹ̀ dípẹtà. Ọtí isopropyl táwọn alátùn-únṣe fóònù ń lò ni kẹ́ ẹ fi kan òwú, ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ó tán.

Àǹtí Parakin:
Ẹ kúuṣẹ́ o. Ìbéèrè tèmi ni pé ọmọ mi ní Game Boy eléérú àtijọ́, ti ọdún 1989 yẹn, bọ̀ọ̀dá ẹ̀ sì ní DS. Ṣé kásẹ́ẹ̀tì yìí máa wọ ìkankan nínú méjèèjì?

Alátùn-únṣe Sábó:
Rárá ma. Kásẹ́ẹ̀tì gaara yẹn, Game Boy Color ni wọ́n ṣe é fún, eléérú ò ní gbá a. DS náà ò gba ti Game Boy Color, ti Game Boy Advance nìkan ló ń gbà. Game Boy Advance máa gbá a, Advance SP tó jáde ní 2003 náà máa gbá a, tẹ́ ẹ bá sì lè rí SP, òun ni kẹ́ ẹ rà fún ọmọ. Ìdí ni pé Game Boy Color ò ní iná lójú ẹ̀. Lọ́sàn-án ẹ ò ní mọ̀, bó bá di alẹ́ tí wọ́n mú iná lọ, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ojú mọ́ sikirínì lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. SP ní iná tiẹ̀, bátìrì ẹ̀ ṣeé cháàjì, a ò ní máa ra onífíńgà kiri.

Àǹtí Parakin:
Ọlọ́run á bù kún yín. Bí mo bá rí SP, ṣé ohun tí ọmọ ọdún méje lè ṣe wà nínú géèmù náà, torí ilé ọba tẹ́ ẹ ń sọ yìí ti ń dẹ́rù bà mí.

Ọmọ Òṣómàáló:
Ó wà dáadáa ma. Ẹ jẹ́ kó máa gbá World 1 àti 2 ná. Lẹ́yìn náà kó wọ Challenge. Sítéèjì tó ti mọ̀ náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n fi kọ́ìnì pupa márùn-ún sí i, wọ́n fi ẹyin Yoshi kan pamọ́ síbì kan, wọ́n sì sọ iye pọ́ìǹtì tó gbọ́dọ̀ ní. Ibi tí èmi ti rí i pé àwọn tó tún géèmù yìí ṣe fọkàn ṣe é nìyẹn, torí ọ̀nà téèyàn ti sáré kọjá láti kékeré, Challenge á mú kó dúró, kó wòkè wo ìsàlẹ̀, kó gbá gbogbo igun ẹ̀ wò. Ọmọdé fẹ́ràn wíwá nǹkan tó pamọ́, kò ní fi bẹ́ẹ̀ rántí pé òun ò tíì pa Bowser. Tí ó bá wù ú kó jẹ́ Luigi, kó tẹ Select lójú máàpù.

Ará Modákẹ́kẹ́:
Ṣé ẹni tí kò rí kásẹ́ẹ̀tì ò lè rà á lórí 3DS ni? Mo rántí pé wọ́n tà á níbẹ̀ láti 2014.

Ẹ̀gbọ́n Mayfair:
Wọ́n tà á, ṣùgbọ́n wọ́n ti ti ilé ìtajà 3DS pa, 27 oṣù kẹta 2023 ni wọn ò ti tà á fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá ti ní i lórí tiẹ̀ ṣì lè máa gbá a. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnì kankan ta 3DS fún yín pé ẹ máa rà á sórí ẹ̀, ẹ bi í bóyá ó ti wà lórí ẹ̀, kó tàn án lójú yín kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ọmọ Lágere, ó ku ọ̀rọ̀ ìka. Lórí pádì tẹlifíṣọ̀n, bọ́tìnnì tóbi, àyè wà. Ti Game Boy Color kéré, àwọn kan máa ń ká àtàǹpàkò kúrò lórí B kí wọ́n tó tẹ A, Mario á ti dẹwọ́ eré, kò ní fò dé òdìkejì kòtò. Ara àtàǹpàkò, ibi tó rọ̀ yẹn, ni kó o fi tẹ B mọ́lẹ̀, kó o wá yí orí ìka sórí A láìgbé e kúrò. Ní 8-1 ni wàá rí àǹfààní ẹ̀. 8-1 gùn, àkókò 300 péré ni wọ́n fún èèyàn níbẹ̀, àwọn kòtò ibẹ̀ sì fẹ̀, tí B bá já níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan o ti wọ kòtò. Bowser ńkọ́, tó o bá lè gbé òdòdó iná dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, iná márùn-ún ló ń pa á, dúró lókèèrè kó o máa jù ú. Tó ò bá ní iná, sáré gba abẹ́ ẹ̀ nígbà tó bá fò sókè, fọwọ́ kan àáké tó wà lẹ́yìn ẹ̀, afárá á já.

Ọmọ Lágere:
Mo ti gbé kásẹ́ẹ̀tì náà síta, ike ẹ̀ gaara, mo dẹ rí nọ́ńbà lára ìwé ẹ̀. Ojúlówó ni! Mo máa gbé e lọ jó bátìrì tuntun mọ́ ọn lọ́la. Mo ti ní bébà àti bírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ fún 4-4. Ọmọ Òṣómàáló, ṣé òótọ́ ni pé èèyàn méjì lè sáré ìje nínú ẹ̀?

Ọmọ Òṣómàáló:
Òótọ́ ni, ìkan á jẹ́ Mario, ìkan á jẹ́ Luigi, ṣùgbọ́n Game Boy méjì, kásẹ́ẹ̀tì méjì àti wáyà ló máa gbà. Èmi ní kásẹ́ẹ̀tì àti Advance lọ́wọ́, wáyà ló kù. Tó o bá bá mi wá a nígbà tó o bá dé ọ̀dọ̀ alátùn-únṣe yẹn, ti Game Boy Color ni kó o béèrè o, má ra ti Advance, bí èmi tiẹ̀ ń lo Advance, ti Color náà ni géèmù yìí ń lò. Tó o bá rí i, kọ ọ́ síbí, màá wọ mọ́tò wá sí Ifẹ̀.